Eégbọn Inú Igbó Ọ́stríà

Nígbà tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ọ́stríà, tí ilẹ̀ igbó bẹ̀rẹ̀ sí í móoru díẹ̀díẹ̀ ní oṣù kẹta, eégbọn á jáde lábẹ́ ewé gbígbẹ tó sá sí láti ìgbà tí yìnyín ti bo ilẹ̀. Á gun koríko lọ sókè, kì í sì í gùn jìnnà. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í kọjá orúnkún àgbàlagbà. Ibẹ̀ ni yóò ti fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn di ewé mú ṣinṣin, tí yóò na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síta, tí yóò sì dúró. Kò lójú. Ihò bíńtín kan tó wà lórí ẹsẹ̀ iwájú ló fi ń gbóòórùn èémí ẹran, òun náà ló fi ń mọ ooru ara ohun tó ń bọ̀. Kì í fò, kì í sì í já lulẹ̀ láti orí igi bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Bí ara rẹ̀ bá ti fẹ́ gbẹ jù, á sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ọ̀rinrin lábẹ́ ewé, á tún gòkè wá. Àgbọ̀nrín tó bá fara kan koríko náà ni yóò gbé e lọ, tàbí ajá, tàbí ọmọ iléèwé tó sáré yà kúrò lójú ọ̀nà láti já èso.

Ixodes ricinus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Ẹni tó bá ti já eégbọn lára màlúù tàbí létí ajá nílé wa mọ irú èyí tó hàn sójú, tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, tó ń dán. Ti Yúróòpù yìí kì í hàn bẹ́ẹ̀ àyàfi tó bá ti yó. Lẹ́yìn tó bá jáde nínú ẹyin, ìpele mẹ́ta ló ń là kọjá: ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, màjèṣín ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, àti àgbà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń jẹun ní ìpele kọ̀ọ̀kan, nítorí náà oúnjẹ ayé rẹ̀ kò ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàrin ọdún méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀. Ara eku igbó ni ọmọ sábà máa ń lọ. Màjèṣín ń lọ sára eku, ẹyẹ tàbí èèyàn. Abo tó ti dàgbà ń wá ẹran ńlá bí àgbọ̀nrín. Tó bá yó tán, á já bọ́, á yé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ẹyin, á sì kú. Nínú gbogbo wọn, màjèṣín ni kí èèyàn bẹ̀rù jù. Kò tóbi ju kóró ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú díẹ̀, tó fi jẹ́ pé lára ẹni tó ti rin igbó láti àárọ̀, èèyàn lè fojú kò ó kó rò pé ìdọ̀tí ni.

Tó bá bọ́ sára èèyàn, kì í sábà jẹ ẹ́ níbi tó kọ́kọ́ bà lé. Á máa rìn kiri, á máa wá ibi tí awọ ti rọ̀, tó móoru, tó sì lọ́rinrin: ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, abẹ́ ìgbànú, ẹ̀yìn etí, ìdí irun orí ọmọdé. Ẹnu rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ tó kọjú sẹ́yìn, kí ó lè há sínú awọ bó ti ń wọlé. Itọ́ tó ń tú sójú ọgbẹ́ kì í jẹ́ kí èèyàn mọ̀ ọ́n lára, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú àwọn tí àrùn rẹ̀ bá gbé dé ilé ìwòsàn fi ń sọ fún dókítà pé eégbọn kankan kò jẹ àwọn.

Inú itọ́ yìí gan-an ni fáírọ́ọ̀sì kan tó ń mú ọpọlọ èèyàn wú wà, mo sì fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbẹ̀. Eégbọn kan náà ló ń gbé bakitéríà tó ń fa àrùn Lyme, ṣùgbọ́n inú ìfun rẹ̀ ni ìyẹn ń gbé, ó sì sábà máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó rin ọ̀nà jáde wá sínú ara èèyàn. Ẹni tó bá yẹ ara rẹ̀ wò nírọ̀lẹ́, tó fi ẹ̀mú já eégbọn kúrò, ti sábà bọ́ lọ́wọ́ Lyme. Fáírọ́ọ̀sì tó ń mú ọpọlọ wú kò fún èèyàn láàyè yẹn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnu eégbọn bá ti wọ awọ, ó lè ti kọjá. Yíyẹ ara wò dára, ṣòkòtò gígùn tí a ki bọ inú ìbọ̀sẹ̀ dára, ìpara tó ń lé kòkòrò náà dára, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá iṣẹ́ yìí ṣe.

Ìdílé kan náà ni fáírọ́ọ̀sì yìí àti èyí tó ń fa ibà pọ́njú ti wá. Dengue àti Zika náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ pàtàkì mẹ́ta la mọ̀: ti Yúróòpù, ti Sìbéríà, àti ti Ìlà Oòrùn Jíjìn tó dé Jàpáánì. Kì í ṣe gbogbo eégbọn ló gbé e. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni nínú ẹgbẹ̀rún, àti pé ojú kan ni wọ́n máa ń wà: etí igbó kan, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan, ibi tí kò fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ nígbà mìíràn, fáírọ́ọ̀sì á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún nígbà tí igbó kejì kò ní nǹkan kan. Ohun tó ń mú un dúró bẹ́ẹ̀ yani lẹ́nu. Ọmọ eégbọn àti màjèṣín á jọ so mọ́ etí eku kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fáírọ́ọ̀sì á ti ara màjèṣín kọjá sí ara ọmọ gba abẹ́ awọ eku náà, kódà nígbà tí kò pọ̀ tó nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ eku. Kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, ọmọ àti màjèṣín gbọ́dọ̀ jáde lásìkò kan náà nígbà ìrúwé, bí ojú ọjọ́ sì ṣe rí lóṣù kẹta àti ìkẹrin ló ń pinnu ìyẹn. Nítorí náà ni ìyípadà kékeré nínú ìgbóná ilẹ̀ fi lè tan iná sí ibi tí kò sí iná tẹ́lẹ̀.

Lára ọ̀pọ̀ àwọn tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ̀ lára, kò ní sí àmì kankan. Lára àwọn yòókù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ibà á wá, orí á fọ́, ara á máa ro wọ́n, á sì rẹ̀ wọ́n. Yóò lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ara á yá, olúwarẹ̀ á padà sẹ́nu iṣẹ́, á sì gbàgbé. Ìsinmi yìí lè tó ọ̀sẹ̀ kan, òun ló sì burú jù lójú mi nínú gbogbo ìṣesí àrùn náà, nítorí ìdùnnú ni ó fi ń bo ohun tó ń bọ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni ibà kejì máa ń bá, tìyẹn sì máa ń ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Orí á máa fọ́ débi pé ojú kò ní lè wo ìmọ́lẹ̀. Ọrùn á gan. Ọwọ́ tó fẹ́ gbé ife omi á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ kò ní mọ ibi tó ń tẹ̀, ọ̀rọ̀ á dàrú lẹ́nu. Nígbà mìíràn okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni àrùn náà ń kọlù. Apá àti èjìká ló sì máa ń bà jẹ́ jù níbẹ̀, tí apá á kàn máa fì láìlágbára.

Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí lẹ́yìn tó bá ti dé ọpọlọ. Wọ́n á tọ́jú ibà, wọ́n á fún aláìsàn lómi, wọ́n á fi ẹ̀rọ ràn án lọ́wọ́ láti mí bó bá le, wọ́n á sì máa retí. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ẹ̀yà ti Yúróòpù bá dá dùbúlẹ̀, ẹnì kan tàbí méjì lè kú. Ẹ̀yà ti Ìlà Oòrùn Jíjìn ń pa jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n iye òkú kì í sọ ìtàn náà tán. Ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí ọpọlọ wọn bá wú tí ara wọn kì í padà sípò bọ̀rọ̀: ọkàn kì í lè dúró lójú kan, orí fífọ́ kì í lọ, etí á di, tàbí apá kan kò ní gbé nǹkan mọ́. Àgbà ló ń fojú winá rẹ̀ jù. Ti ọmọdé sábà máa ń rọrùn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọdé kan wà tí kò rọrùn fún rárá.

Dókítà kan tó ń jẹ́ Hans Schneider, ní ìlú Neunkirchen tí kò jìnnà sí Vienna, ló kọ́kọ́ kọ ìwé nípa rẹ̀ lọ́dún 1931. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn aláìsàn kan ń wá nígbà ooru lọ́dọọdún pẹ̀lú ọrùn gígan àti ibà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó fà á. Ọdún 1937 ni wọ́n tó rí fáírọ́ọ̀sì náà mú, lọ́nà jíjìn sí Ọ́stríà, ní ìpẹ̀kun ìlà oòrùn ilẹ̀ Soviet, níbi tí àrùn náà ti ń pa àwọn ọmọ ogun àti àwọn agégigẹdú. Lev Zilber ló ṣáájú ikọ̀ onímọ̀ tó lọ síbẹ̀. Láàrin oṣù díẹ̀ wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti mọ̀ pé eégbọn ló ń gbé e. Owó ńlá ni wọ́n san fún ìmọ̀ yẹn. Mikhail Chumakov, ọ̀dọ́mọkùnrin nínú ikọ̀ náà, kó àrùn ọ̀hún. Etí rẹ̀ di, apá rẹ̀ kan sì rọ títí ayé rẹ̀. Zilber fúnra rẹ̀ padà délé, ìjọba Stalin sì gbé e jù sẹ́wọ̀n. Mi ò lè ka ìtàn abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn yìí kí n má rántí àwọn méjèèjì.

Eégbọn nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Lọ́dún 1951, ní ìlú Rožňava ní Slovakia, ó ju ẹgbẹ̀ta èèyàn lọ tó kó àrùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wàrà ló sì fà á. Eégbọn ti jẹ àwọn ewúrẹ́, fáírọ́ọ̀sì bọ́ sínú wàrà wọn, wọ́n da wàrà ewúrẹ́ mọ́ ti màlúù, wọ́n sì tà á láìsè é dáadáa. Ní ọdún 2020, ní ẹkùn Ain ní ilẹ̀ Faransé, wàràkàṣì tí wọ́n fi wàrà ewúrẹ́ tútù ṣe tún dá ohun tó lé ní ogójì èèyàn dùbúlẹ̀. Iná tó se wàrà jinná ti tó láti pa fáírọ́ọ̀sì náà.

Ní àwọn ọdún 1970, kò sí ilẹ̀ kan ní Yúróòpù tí àrùn yìí ń yọ lẹ́nu tó Ọ́stríà. Lọ́dún 1979 nìkan, 677 èèyàn ló wọ ilé ìwòsàn nítorí rẹ̀, nínú orílẹ̀-èdè tí kò ju mílíọ̀nù méje ààbọ̀ èèyàn lọ. Christian Kunz, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Vienna, ti bá àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Porton Down ní Britain ṣiṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ kan, abẹ́rẹ́ náà sì ti wà láti 1976. Àwọn tí iṣẹ́ wọn ń gbé wọnú igbó ni wọ́n kọ́kọ́ fún, kò sì yí iye aláìsàn padà tó bó ṣe yẹ, nítorí pé kì í ṣe agégigẹdú nìkan ló ń wọnú igbó ní Ọ́stríà. Ìyá àgbà ń wọ̀ ọ́ lọ ṣa olú. Ọmọ iléèwé ń wọ̀ ọ́. Tọkọtaya ń wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìsinmi. Láti 1981, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú: àwòrán eégbọn ńlá lára ògiri, ìkéde lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, abẹ́rẹ́ ní iléèwé, ẹ̀dínwó ní ilé oògùn láti ìgbà òtútù kí ìgbà eégbọn tó dé. Ní 1980, èèyàn mẹ́fà péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ti gba abẹ́rẹ́ yìí rí. Nígbà tó fi máa di 2001, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin. Aláìsàn 677 ti di 41 lọ́dún 1999.

Ibí yìí ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Ẹni tó bá wo ìṣirò yẹn lásán á rò pé àrùn náà ti fẹ́ kúrò nílẹ̀ Ọ́stríà. Kò kúrò. Franz Xaver Heinz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vienna ya àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ sọ́tọ̀, wọ́n sì ṣírò tiwọn lọ́tọ̀. Nínú 100,000 wọn, nǹkan bí ẹni mẹ́fà ló ń ṣàìsàn lọ́dún, gẹ́lẹ́ bó ṣe rí kí abẹ́rẹ́ tó dé. Eégbọn kò dín. Eku kò dín. Etí igbó tó léwu fún agbẹ̀ ọdún 1975 ṣì léwu fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọdé tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ ìgbóná-eéyi ń dáàbò bo ọmọ aládùúgbò, nítorí pé ara èèyàn sí èèyàn ni ìyẹn ń gbà. Eléyìí ń ti ara eku wá, eku kì í sì í gba abẹ́rẹ́. Bí eégbọn bá so mọ́ ayínrín nímú, adìẹ kọ́ ni yóò bá a já a. Gbogbo ará Vienna lè ti gba abẹ́rẹ́, ẹnì kan tí kò gbà láàrin wọn kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.

Ẹ sọdá ààlà lọ sí Czech, ẹ ó rí i. Igbó kan náà ló nà kọjá, eégbọn kan náà ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba abẹ́rẹ́ kéré púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́, débi pé ní ọdún 2006, aláìsàn ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ní àwọn òkè Krkonoše ní àríwá Czech, Milan Daniel àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tọ eégbọn lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọn kì í rí i níbi tó ga ju nǹkan bí 700 mítà lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ń bá a ní ibi tó ga ju 1,100 mítà lọ. Òtútù tó ń pa á lókè ti rọ̀.

Ní Ọ́stríà pàápàá, àrùn náà ti ṣí kúrò níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìlà oòrùn àti gúúsù, láyìíká Vienna, ní Styria àti Carinthia, ni ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń dín níbẹ̀ láàrin àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́, ó sì ń pọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn, ní àwọn àfonífojì Tyrol àti Upper Austria, níbi tí àwọn àgbà kò ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà ọmọdé wọn. Ní Switzerland, lọ́dún 2019, gbogbo ilẹ̀ náà ni wọ́n kéde pé ó léwu, àyàfi Geneva àti Ticino. Ní Sweden, ó ti tàn láti agbègbè Stockholm lọ sí ìwọ̀ oòrùn; Elisabet Lindgren àti Rolf Gustafson fi hàn lọ́dún 2001 pé bí ìgbà òtútù ṣe ń rọ̀ tí ìgbà ìrúwé sì ń yá ló bá aláìsàn tó ń pọ̀ rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbọ̀nrín tó pọ̀ sí i náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ka gbogbo rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ á ṣi Estonia, Latvia àti Lithuania lóye. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, láàrin ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba Soviet túká, àrùn náà fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀. Latvia nìkan ní ju ẹgbẹ̀rún kan aláìsàn lọ lọ́dún 1994. Ojú ọjọ́ kì í yára yí bẹ́ẹ̀. Sarah Randolph ní Oxford àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yẹ ìgbésí ayé àwọn èèyàn wò: ilé iṣẹ́ ti pa, owó oṣù kò sí, àwọn tí ebi ń pa sì ń wọnú igbó lọ ṣa olú àti èso fún jíjẹ àti títà. Àwọn tó nílò igbó jù ni kò lówó abẹ́rẹ́. Ó dùn mí láti kọ gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀nà mìíràn láti sọ ọ́. Ní àwọn erékùṣù Åland nílẹ̀ Finland, níbi tí àrùn náà ti wà pẹ́ débi pé wọ́n ń fi orúkọ erékùṣù Kumlinge pè é, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ará ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2006.

Àwọn tiwa kò jìnnà sí i mọ́. Nílé, ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì ara eégbọn kì í ṣe àjèjì fún onímọ̀: lọ́dún 1964, yàrá ìwádìí fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn rí ọ̀kan lára eégbọn màlúù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dugbe, orúkọ Dùgbẹ̀ wọn níbẹ̀. Kò bá ti Yúróòpù tan, ibà rẹ̀ kì í sì í sábà le. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2019, wọ́n rí ojúlówó ti Yúróòpù ní Britain, nínú eégbọn igbó Thetford àti ní ààlà Hampshire àti Dorset. Lọ́dún 2022, ẹnì kan tí eégbọn jẹ ní Yorkshire ṣàìsàn rẹ̀, àyẹ̀wò sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn tó ní in ní Britain ṣì kéré púpọ̀, ìjọba ibẹ̀ kò sì tíì ní kí gbogbo ìlú gba abẹ́rẹ́. Ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní Munich tàbí Stuttgart ni ọ̀rọ̀ kàn lójú ẹsẹ̀, torí Bavaria àti Baden-Württemberg ni àrùn náà pọ̀ sí jù ní Jámánì, ọmọ wọn yóò sì bá kíláàsì rẹ̀ lọ pàgọ́ nínú igbó.

Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni. Ìkejì á tẹ̀ lé àkọ́kọ́ lẹ́yìn oṣù kan sí mẹ́ta, ìkẹta á tẹ̀ lé e láàrin oṣù márùn-ún sí méjìlá, ó sì ṣeé fún ọmọ tó bá ti pé ọdún kan. Ẹni tó fẹ́ wọ igbó ní oṣù karùn-ún kò gbọ́dọ̀ dúró di oṣù karùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó nílò abẹ́rẹ́ ìmúgbòòrò. Lẹ́yìn náà, ọdún márùn-ún márùn-ún. Fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni, nítorí pé ara àgbà tètè ń gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ní Ọ́stríà, ìmúgbòòrò yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń jẹ́ kó kọjá àkókò báyìí. Wọ́n gba tiwọn ní iléèwé, wọ́n ti di òbí, àwọn kan ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa fi igbó ṣe ibi ìgbafẹ́, aláìsàn 215 ni wọ́n kà ní Ọ́stríà, tí irú rẹ̀ kò sí fún ohun tó ju ogún ọdún lọ, àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ rárá sì ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn.